Omi Ewúro Tí Mo Fi Jẹ́rìí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹrù ọ̀rọ̀ kan ń wọ̀ mí lọ́rùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e pamọ́. N kò lè gbé e mọ́, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ti fẹ́ fara kááṣá rẹ̀.

Rore ni mo ń gbé. Mùsùlùmí ni mí, ilé-kéwú ni mo ti mọ̀wé. Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà mú mi, wọ́n fún mi ní oògùn ní ọsibítù, mo ń lò ó. Mo sì ń mu omi ewúro láràárọ̀. Ṣúgà náà wálẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ọ̀mù-Àrán ṣàlàyé fún mi. Ó ní lóòótọ́, àwọn onímọ̀ rí i pé ewúro mú ṣúgà wálẹ̀ lára eku tí wọ́n fi dán an wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà lára èèyàn kò tíì tó. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi í rọ́pò oògùn. Mo gbọ́. Ó yé mi.

Lọ́jọ́ Àìkú kan ní àsàlátù, ó kàn mí láti jẹ́rìí oore Ọlọ́hun. Mo sọ ti ewúro. Ìyá Àdínì wa bi mí pé, "Ṣé o ò lo oògùn òyìnbó mọ́ ọn?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ojú tì mí pé ẹ̀rí mi máa kéré. Mo ní, "Ewúro àti àdúà nìkan ni."

Wọ́n ké "Allahu Akbar!" Ìyá Ràfátù ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tò sórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù, ewúro mà wà lẹ́yìnkùlé yín o!" A rẹ́rìn-ín.

Òun náà ní ṣúgà, n kò mọ̀. Ó fi oògùn tirẹ̀ sílẹ̀. Egbò kékeré kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kọ̀ kò jinná, títí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tí mo lọ kí i, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbàgbọ́ tèmi ni ò tó tiyín. Ẹ bá mi tọrọ àforíjìn." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Mo ṣe àdúà náà, a sì jọ ṣe àmín.

Ní báyìí, wọ́n ti rí ṣúgà lára Ràfátù ọmọ rẹ̀. Òun náà ti ń fún ewúro. Mo ní kó má fi oògùn sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ rò pé ìgbàgbọ́ tèmi náà ò ní tó ni?"

Mo mọ̀ pé òní ni mo gbọ́dọ̀ lọ sílé Ràfátù, kí n tó lọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ní àsàlátù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi: báwo ni mo ṣe máa jókòó ti ìyá rẹ̀, kí n sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó, pé èmi ni mo purọ́?