Ṣòkòtò Tí A Gbàdúrà Lé Lórí

Joy, jókòó síbẹ̀, má sì bá ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí! Ojú tì mí! Èmi Àìná, ìyá ìjọ ní Odò-Ọwá yìí, èmi ni Adùnọlá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ sọ di ẹni à ń fi ṣe ẹ̀rín! Ọmọ tó bí ò ṣẹ̀ mí o, ọmọ rẹwà, iwájú orí mi ló gbé wáyé. Ìyá rẹ̀ ni mo ń bá wí!

Ṣebí a jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìbí yìí? Bàbá rẹ wà níbẹ̀, Bàbá Ògúnrẹ̀mí àgbà ẹbí wa náà wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé Ògún ló ń bọ, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, òun náà ní ulé ìgbẹ̀bí ìjọ wa ló dáa. Ẹnu gbogbo wa kò. Kí lo wí? Adùnọlá ńkọ́? Ó wà ní kíṣìnì! Ta ni ì bá se uṣu tí àwọn àgbà máa jẹ? Ta ní í pe olóyún sí ìpàdé oyún?

Ó kàn yọjú, ó ní nọ́ọ̀sì Ìjerò wọn ẹ̀jẹ̀ òun, ó ní ó ń ru, pé òun ò gbọdọ̀ bímọ níbi tí kò sí dókítà. Mo ní, ẹ̀jẹ̀ ta ni kì í ru? Tèmi ń ru báyìí! Ó ní, “Ẹ ṣeun, Màámi.” Ó tún kúnlẹ̀. Joy, bí ìyàwó ulé bá kúnlẹ̀ báyẹn tí kò janpata, sá!

O mọ àṣà ìjọ wa, ẹrù ìbímọ ló ń ṣáájú olóyún lọ, a ó sì máa gbàdúrà sí i títí ẹni tó ni ín á fi dé bá a. Òun fúnra rẹ̀ ló di báàgì, ó dè é pinpin, ó gbé e fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Orí mi yìí ni mo fi rù ú! A ta òróró sí i, a gbààwẹ̀ sí i, Ìyá Sarah kúnlẹ̀ tì í títí orúnkún rẹ̀ fi bó.

Ó di ọjọ́ Ẹtì, ó ní òun ń lọ ra ata ní Ìjerò. A ń retí ata! Ìrọ̀lẹ́ ni Olúmidé ẹ̀gbọ́n rẹ já wọ inú àdúrà, “Màámi, ẹ bá mi yọ̀, ó ti bí ní ulé ìwòsàn Ìjerò!” N ò ní purọ́, mo kọ́kọ́ jó. Mo wá ní kí n mú aṣọ ọmọ nínú báàgì, mo tú u lójú gbogbo ìjọ.

Ṣòkòtò! Ṣòkòtò oko Olúmidé, èyí tó ya nídìí, àti tìmùtìmù àga pálọ̀ wa! Gbogbo òróró yẹn! Olúmidé wá la ẹnu, ó ní, “Háà, mo ti ń wá ṣòkòtò yìí.” Ẹrù gidi ti wà lọ́dọ̀ Adérónkẹ́ aránṣọ ní Ìjerò tipẹ́tipẹ́.

Má rẹ́rìn-ín! Ó dùn mí. Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ó sọ, mo mọ̀ pé ó sọ. Kó tún un sọ ńkọ́? Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ náà ga lóòótọ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rọ̀ ọ́ wálẹ̀. Ó dáa, mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ṣé torí ìyẹn ni kí n gbààwẹ̀ fún ṣòkòtò? Ìyàwó kì í dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe! Ibi tí àwọn àna bá ti ní kó bí sí...

Kí lo wí? Tún un wí. Àwọn àna tìrẹ ní Ara-Èkìtì ti ṣèpàdé? Nígbà wo? Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà wọn lábà ni wàá bí sí? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú báyìí? Ṣé wọ́n bi ọ́? Wọn ò bi ọ́! Ó tì o, Ọlọ́run ń gbọ́, ó tì! Ikùn ta ni oyún wà? A kì í fárí lẹ́yìn olórí! Irú ọ̀yájú wo nìyẹn, kí àwọn èèyàn jókòó lórí oyún, kí wọ́n má pe olóyún sí i!

Kí lò ń wò? Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?

Yéè! Ẹnu mi yìí náà ló wí bẹ́ẹ̀? Hẹ̀hẹ̀hẹ̀! Ó mà bá mi o! Adùnọlá! Adùnọlá o! Gbé ọmọ yẹn fún mi, kí o wá jókòó ti àbúrò ọkọ rẹ, kí o kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di báàgì. Ìwọ Joy, ọkọ rẹ ní ṣòkòtò tó ti gbó, àbí kò ní?