Iná Gáàsì Tó Kú Lóṣù Ààwẹ̀ ní Kemta

Ẹ̀yin ará Kemta, ẹ sún mọ́ mi, nítorí ohùn mi ti ń rẹlẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n sin mí pẹ̀lú irọ́ tí mo fi bo ara mi láti ọdún tí kẹrosíìnì wọ́n gógó.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Láwàlì akọ̀wé Ìbarà, tí kì í fi ẹyọ ìrẹsì kan ṣòfò. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí mo ní, nípasẹ̀ pósítì ni wọ́n ti ń fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo máa ń sọ fún yín pé iná wà nínú ìgbẹ́ màlúù tí ẹ ń dà nù. Ẹ̀rín lẹ ń fi mí rín. Sàlàhúdíìnì tó ń ta dọ́rọ́ọ̀mù nìkan ló gbọ́. Ó po ìgbẹ́ ilé ìpẹran mọ́ omi nínú dọ́rọ́ọ̀mù, ó dé e pa, ó fi rọ́bà fa gáàsì rẹ̀ wá sídìí ìkòkò. Iná jó, kò rùn. Àwọn obìnrin kọ́kọ́ fi ìborùn bo imú. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbé ìkòkò wá. Ó ń sọ fún wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n Láwàlì ló là mí lójú,” ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń kí. Títílọlá ìyàwó mi pàápàá gbé ẹ̀wà lọ síbẹ̀. Ó ní, “Bàbá Jùbrílù, inú ìwé ni gáàsì tiyín wà. Ẹ̀wà kì í jinná nínú ìwé.” Ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìkíni tí wọ́n bá kí ọkùnrin yẹn dà bí ohun tí wọ́n jí nínú àpò mi.

Oṣù ààwẹ̀ dé. Mo bi Ààfáà àgbà léèrè lójú gbogbo ìjọ bóyá oúnjẹ tí a fi ìgbẹ́ sè tọ́ láti fi ṣínu. Mo mọ ìdáhùn kí n tó béèrè. Ààfáà ní, “Láwàlì, màlúù kì í ṣe ajá. Ẹran tí a ń jẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ kì í ba ìrun jẹ́, áńbọ̀sìbọ́sí iná rẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sàlàhúdíìnì fọwọ́ kàn mí léjìká: “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ wa lẹ ó ti ṣínu lọ́la.”

Mo lọ. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín Bùsírátù ìyàwó rẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kírun, mo ní mo fẹ́ tún àlùwàlá ṣe, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo da oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ sínú dọ́rọ́ọ̀mù. Abẹ́ agbádá ni mo ti gbé e wá. Kòkòrò tí ojú kò rí ló ń ṣe gáàsì náà. Ìwé tí mo kà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ tò sẹ́yìn wọn, mo kírun.

Iná náà rọra kú. Àwọn èèyàn ní, “Ààfáà gbà á, Ọlọ́run kò gbà á.” Sàlàhúdíìnì wá bá mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yẹ ìwé yín wò. Kí ni àṣìṣe mi?” Mo ní, “Àbúrò, èyí kọjá ìwé.” Ó gbà mí gbọ́. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Bùsírátù padà sídìí sítóòfù. Kẹrosíìnì tó rí rà lẹ́bàá títì, wọ́n ti lú u pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù. Ó gbiná mọ́ ọn lára. Nígbà tí mo lọ wò ó ní ọsibítù, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó.” Mo jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹlòmíràn bá ṣe ohun tí ẹ mọ̀ tí ẹ kò ṣe, ẹ bá a pọn omi sí i. Ẹ tún iná náà dá. Kò sí ohun tó ṣe é. Ọlọ́run kì í dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ ẹlòmíràn jì wá bí ẹni náà kò bá tíì dárí jì wá, nítorí náà n kò tíì bẹ Ọlọ́run. Bùsírátù, ìyàwó wa, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀. Má ṣe yára dá mi lóhùn nítorí pé mo ń kú lọ.