Ariwo Tí Ọkọ Mi Ò Gbọ́ Mọ́

Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fi hàn lójú èèyàn pé etí rẹ̀ ti kú. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́, á ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì kọjú sí ògiri. Àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró láàárín agbo ilé, ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbé àwo wọlé. Kì í ṣe pé n kò ní èsì o, ẹnu mi mú ju tirẹ̀ lọ, gbogbo àdúgbò wa ní Ìlá ló mọ̀. N kò kàn tíì mọ̀ bóyá ire ni mo ṣe tàbí ibi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rò ó fún yín.

Mẹkáníìkì ni ọkọ mi. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Ìlá, èmi náà sì ń ta ọ́ìlì àti bẹ́líìtì lẹ́nu ibẹ̀. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké, á ní kí wọ́n ṣíná sí i, á gbé ẹnu irin gígùn kan lé e lára, á fi ìdí irin náà ti etí, á sì dijú. Kò ní pẹ́ tí á fi sọ ibi tó ń dùn ún. Àwọn awakọ̀ ń ti Ìgbájọ wá nítorí etí yẹn.

Ta ló wá lè sọ ọjọ́ tí etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ? Ohùn ńlá ṣì ń wọlé, ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ sọ nù. Fóònù á máa ké lápò rẹ̀, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ ọmọ wa á pè é láti ẹ̀yìn, kò ní yíjú. Mo ní ká lọ sí ọsibítù, ó ní ṣé ẹni tó ń gbọ́ èdè ẹ́ńjìnnì ló tún ń wá dókítà etí. Ni mo bá ń ṣe etí fún un lọ́nà tèmi. Bí oníbàárà bá ń ṣàlàyé, màá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, màá tún un sọ sókè kí ọkọ mi lè gbọ́, wọ́n á ní ìyá yìí mà lẹ́nu. Bí ó bá gbé irin létí, tí ariwo bá ṣì wà, màá dìde dúró. Bí ó bá ti lọ, màá jókòó. Kò bi mí rí ìdí tí mo fi ń dìde jókòó bí ẹni tí èèrùn ń jẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń yọjú wò mí. Àwọn oníbàárà fura náà. Ẹ kúkú mọ bí tiwa ṣe rí: ọmọ ta ni yóò wo àgbàlagbà lójú pé, "Bàbá, ẹ ò gbọ́ràn mọ́"? Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní "Ẹ ṣé, sà," wọ́n á sì wa ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni olùkọ́ kan, Tíṣà la máa ń pè é, gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ó ń hu bí ọmọ ajá tí wọ́n sé mọ́lé, bí ó bá sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ níná sí i ni ohùn náà ń ga sí i. Ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti pé ni yóò fi gbé lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ọkọ mi gbé irin létí. Mo dìde. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Àwọn awakọ̀ kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò ó, mo mọ̀ pé tìtorí wọn ni kò ṣe yíjú. Ó mú ọṣẹ ìfọṣọ, ó fi ra bẹ́líìtì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tó bá gbẹ, ó ní ó ti tán. Ọkọ̀ ṣì ń hu. Tíṣà wolẹ̀. "Ẹ ṣé, sà," ló wí, ó sì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.

Mo ronú kan ọ̀nà Òṣogbo, igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì, kí bẹ́líìtì já níbẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì gbóná kú, kí obìnrin máa rọbí nínú rẹ̀. Ẹnu mi sì là. Mo ní, "Bàbá Délé, ó ṣì ń hu. Ẹ ò gbọ́ ọ ni."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ló dá mi lóhùn.

Mo kọjú sí Tíṣà. Ó ní, "Ó ń hu, mà. Mi ò kàn fẹ́ bá bàbá jiyàn ni."

Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Mo gba irin lọ́wọ́ ọkọ mi, mo fi ti etí tèmi, mo ń gbé e kiri ara ẹ́ńjìnnì títí mo fi bá igbe náà níbi irin róbótó kan tí bẹ́líìtì ń gba orí rẹ̀ yí. Mo wá fi ìdí irin náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi. Irin náà gbọ̀n mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tú bẹ́líìtì, ó fi ìka yí irin róbótó náà, ó ń ha bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Béárìn inú rẹ̀ tó ń mú un yí ti jẹ tán. Ó fi tuntun sí i láìsọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n ṣíná. Igbe náà ti lọ. Ọkọ mi yíjú sí mi lójú gbogbo wọn. Mo jókòó. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ti ibi iṣẹ́, kò sì ṣí i mọ́ títí di òní.

Ìyàwó Tíṣà bímọ láyọ̀. Wọ́n gbé iṣu wá dúpẹ́, ọkọ mi kò jáde sí wọn.

Àná ló tó la ẹnu. Mo ń kó àwo rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó ní, "Ìyá Délé, ta ló tún mọ̀?" Mo ní gbogbo wọn ni. Kò gbọ́. Mo fẹnu sí i létí, mo tún un sọ, kò gbọ́. Nígbà tí mo fi máa pariwo rẹ̀ tí ó gbọ́, àbúrò rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ ilé ti fi eré sílẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi yẹn náà?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọjú sí ògiri padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà pẹ̀lú ọkọ tàbí aya, ẹ gbà mí níyànjú. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, mo sì fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo lè bá a sọ nísinsìnyí tí n kò ní pariwo rẹ̀?