Aṣọ Àbúrò Mi Tí Mo Fi Ta Àlejò Lọ́rẹ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdún kẹta rèé tí ọmọ tí mo tọ́ ti fi ilé mi sílẹ̀, n kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan. Bí mo ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀ ni mo ṣì ń sè é. Màá jẹ díẹ̀ níbẹ̀, màá da ìyókù fún adìẹ aládùúgbò. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ́sàn-án, tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójúde, màá sáré yọjú, àfi kí n rí i pé oníbàárà ni. Ìlú Ìwó kún fún èrò, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ méjì lè kọjá kí n má gbọ́ ohùn kankan nínú ilé mi ju tèmi lọ. Ẹ má tíì káàánú mi o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á.

Ọlọ́run kò fún mi lọ́mọ, ọkọ mi sì ti kú. Fọlákẹ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ sì wà ní Òkè Ọya, kò bojú wẹ̀yìn. Mo mú un wá sọ́dọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó mọ iṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n "Àǹtí" ló máa ń pè mí. Ó mọ̀ pé ìyá òun ti kú, kò sì fẹ́ fi orúkọ ìyá pe ẹlòmíràn. Kí ló burú níbẹ̀? Kò sí! Síbẹ̀, ó ń dùn mí, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí Fọlákẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan láti òkè òkun, pé kí wọ́n wá lo oṣù mẹ́ta láàárín wa, kí wọ́n sì máa gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Àńnà ni wọ́n fi sílé wa. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì parí tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Màámi". Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ kò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Kó tó pè mí tán ni mo ti ń dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ! Òun àti Fọlákẹ́ náà mọwọ́ ara wọn. Fọlákẹ́ a máa fi òwú di irun rẹ̀, irun náà á máa yọ̀ bọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Àńnà lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀bùn tí yóò fi máa rántí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sọ́jà Odò-Orí. Mo wo igbá fínfín, ìyàwó ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ra irú rẹ̀ fún àlejò tiwọn. Mo wo sálúbàtà aláwọ, mo wo àdìrẹ, kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Fọlákẹ́ mú òòyà onígi kan lórí àtẹ, wọ́n gbẹ́ ẹyẹ méjì sí i lórí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ra èyí. Á máa fi ya irun rẹ̀, á sì máa rántí wa." Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹni tó ń tajà. Mo ní, "Òòyà? Ṣé òòyà ni kí wọ́n fi máa rántí mi lókè òkun?" Ó rọra dá a padà sórí àtẹ.

Aṣọ òfì kan wà nísàlẹ̀ àpótí mi, ìró àti ìborùn. Ti ìyá Fọlákẹ́ ni. Nínú gbogbo ẹrù tí àbúrò mi fi sílẹ̀, òun nìkan ni kò tíì gbó. Lọ́dọọdún ni èmi àti Fọlákẹ́ máa ń sá a sóòrùn, mo sì ti ṣèlérí fún un pé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni yóò ró o. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Àńnà ń lọ, mo gbé aṣọ yẹn jáde, mo sì fi lé e lọ́wọ́. Inú ọmọ náà dùn títí omijé fi lé ròrò sí i lójú. Ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó ti gbọ́ bi mí pé, "Màámi, ṣé tiyín ni?" Fọlákẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo dáhùn pé, "Tèmi ni, ọmọ mi."

Fọlákẹ́ kò sunkún. Ó bá Àńnà gbé àpò dé ìdí mọ́tò. Nígbà tí a padà délé, mo ní kó má bínú, pé aṣọ lásán ni, màá ra tuntun fún un. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Àǹtí." Ó ń ṣiṣẹ́ ilé bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, èmi náà sì ń tan ara mi pé ó ti tán nínú rẹ̀.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, lẹ́tà Àńnà dé. N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, Fọlákẹ́ ló máa ń ka lẹ́tà fún mi. Bó ṣe já a, fọ́tò kan bọ́ sílẹ̀: wọ́n ti fi ìṣó kan aṣọ àbúrò mi mọ́ ògiri yàrá. Ó mú fọ́tò náà nílẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó wá ka lẹ́tà náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí dé ibi tí Àńnà ti sọ pé gbogbo ẹni tó bá wọlé ni òun ń sọ fún pé ìyá òun ní Nàìjíríà ló bọ́ aṣọ ara rẹ̀ fún òun. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó ká lẹ́tà náà, ó gbé e lé mi lórí itan. Lọ́jọ́ kẹta, ó di ẹrù rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ń lọ bá ìyá bàbá òun ní Olúpọ̀nnà. Ìgbéraga kò jẹ́ kí n dá a dúró. Mo ní, "Ó dáa. Bá mi kí wọn."

Olúpọ̀nnà kò jìnnà, síbẹ̀ ọdún kan gbáko ni mo fi ń retí pé á padà, kí n tó lọ. Ó jáde sí mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé omi wá. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Mà! Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò! Mo jókòó, mò ń béèrè iṣu, mò ń béèrè òjò, n kò bẹ ẹ̀bẹ̀ tí mo torí rẹ̀ wá. Mo wọ mọ́tò padà sílé. Ẹ lè ní kí n kọ̀wé sí Àńnà kó dá aṣọ náà padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fà á ya, torí màá ní láti jẹ́wọ́ fún un pé irọ́ ni mo pa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan gbé aṣọ wá kí n bá òun rán an. Ó ń bá mi yọ̀ pé ìgbéyàwó Fọlákẹ́ ku oṣù kan. Ó rò pé mo ti gbọ́. Mo dúpẹ́, mo wọn ara rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà tó lọ tán ni mo tó ti ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Màá lọ, bí wọ́n tilẹ̀ máa lé mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dúró dọjọ́ náà, n kò sì fẹ́ tún lọ jókòó kí n máa béèrè òjò. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ọmọ rí, tí ẹ sì lọ bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi: nígbà tí ẹ dé ẹnu ọ̀nà, kí ni ẹ kọ́kọ́ sọ?