Kúlà Àlòkù Tí Mo Kùn Lọ́dà

Ẹ̀yin ọmọ méjèèjì, ẹ jókòó. Ìwọ àkọ́bí, fa àga yẹn súnmọ́ mi, ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Ìwọ àbúrò rẹ̀, bí o bá fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò burú, ṣùgbọ́n má jáde títí n ó fi parí. Kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́. Dókítà ṣàlàyé títí, mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mẹkáníìkì ni mí, mo mọ bí ohun tó ti kú ṣe ń rí. Èmi tí mo ti fi àlòkù tún máṣíìnì gbogbo ayé ṣe, àlòkù tèmi ni wọn ò rí. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àìsàn kọ́ ni mo pè yín fún. Ọ̀rọ̀ ikú bàbá yín ni. Ohun tí mo sọ fún yín nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni, irọ́ pátápátá gbáà. Ìyá yín kọ́ ló pa bàbá yín. Èmi ni. Ẹ má wo ojú mi bóyá omi ń bọ̀ níbẹ̀, kò sí. Mo ti wá a títí, mi ò rí i. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, bí ẹni ń ka orúkọ irinṣẹ́ ló ń jáde lẹ́nu mi.

Ẹ mọ máṣíìnì bàbá yín, alùpùpù ńlá tó ní àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí òun àti ìyá yín fi ń rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá bá mi. Nígbà tí mo tú u, irin tó ń ti pisítíìnì lọ tó ń fà á bọ̀ ti ṣẹ́ sí méjì, ó ti lu ara ẹ́ńjìnnì já, ihò tó dá sí i gba ìkúùkù mi. Inú rẹ̀ kún fún irin wẹ́wẹ́ tó ń dán yinrin bí ìpẹ́ ẹja. Bàbá yín dúró tì mí, ó gbé akoto rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni wá kí olókùú. Ó ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé ó ṣì máa jí?" Mo ní, "Eléyìí ti lọ, sà. Àfi ká wá òmíràn rọ́pò rẹ̀."

Mo là á sílẹ̀ fún òun àti ìyá yín. A lè ra odidi ẹ́ńjìnnì àlòkù lára irú máṣíìnì yẹn tó ti bàjẹ́, ká gbé e wọlé bó ṣe wà. Tàbí kí n fi ọwọ́ ara mi to tuntun jọ, kí n gbẹ́ ihò pisítíìnì rẹ̀ tóbi ju ti àtilẹ̀wá lọ, kó lè máa fi ẹrù àti èèyàn méjì gun òkè bí ẹni ń ṣeré. Ìyá yín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, àwa ò sáré ìje. Èyí tó máa gbé wa lọ, tó máa gbé wa bọ̀, òun ni kẹ́ ẹ ṣe. Àlòkù tó bá dá yín lójú ti tó wa." Òótọ́ ló sọ. Bó bá jẹ́ ìyá tó bí mi ló fẹ́ gùn ún, àlòkù yẹn ni mo máa gbé sí i. Ṣùgbọ́n títò yẹn ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn máa nàka sí i lójú títì pé ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyá yín, mo bá bàbá yín sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Mo ní, "Sà, àárẹ̀ kì í tètè mú ẹ́ńjìnnì tó lágbára." Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Ìyàwó mi, jẹ́ kí ọ̀gá ṣe iṣẹ́ wọn." Ìyá yín ní, "Ó dáa o, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀. Èrò ẹ̀yìn lèmi." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà níwájú ẹ́ńjìnnì, irin pẹlẹbẹ tí ọ́ìlì gbígbóná máa ń gba inú rẹ̀ kọjá kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ tutù. Kúlà là ń pè é. Gbogbo mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ló mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti lọ irin ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ti gbé irin wẹ́wẹ́ yẹn wọ inú kúlà, kò sì sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tó máa mọ́. Jíjù là ń jù ú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé àwo tí wọ́n fi bu májèlé ni, ọlọ́gbọ́n kì í fọ̀ ọ́ jẹun. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá tuntun, kò tíì dé. Ìwọ àkọ́bí, àsìkò yẹn ni ìyàwó rẹ bímọ. Bàbá yín sáré wá bá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. "Ọ̀gá, wọ́n ti bí ọmọ-ọmọ mi o! Ṣé máṣíìnì ti ṣe tán? À ń lọ wò ó!" Ó yẹ kí n ní ó kù díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó kù díẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu káàkiri, ojú ń tì mí láti sọ pé nǹkan kan ṣì kù. Mo ní, "Ẹ wá gbé e lọ́la."

Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́, ẹni tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kì í kánjú ṣe ohunkóhun, ló bá mi fọ kúlà àtijọ́ yẹn. A da bẹntiróòlù sínú rẹ̀, a fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ohun tó ń jáde ń dán. A tún fọ̀ ọ́, ó tún ń dán. Jẹ́jẹ́ gbé e sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, kò mọ́." Mo ní, "Ó mọ́." Ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ mi, ó ń dán." Mo ní kó gbé ọ̀dà dúdú wá. Mo kùn ún fínnífínní níwájú àti lẹ́yìn, títí kò fi yàtọ̀ sí tuntun. Mo máa ń ní sùúrù bí mo bá ń kun nǹkan. Nígbà tí ìyá yín dé, ó fi ìka kàn án, ó ní, "Èyí náà, ṣé tuntun ni?" Mo ní, "Tuntun ni, mà." Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an o, Ọlọ́run á bá yín ṣe tiyín." Mo ṣe àmín.

Wọ́n lọ. Ọjọ́ kejì ni kúlà tuntun dé. Wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà, nọ́ńbà bàbá yín sì wà lórí fóònù mi. Jẹ́jẹ́ ní, "Ọ̀gá, ẹ pè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, ká gbé e lọ bá wọn." Mo mú fóònù. Mo ro ohun tí mo máa sọ: ẹ dúró, èyí tí mo ní tuntun ni kì í ṣe tuntun. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní bóyá kò ní ṣe nǹkan kan. Mo lọ jẹun. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo lọ jẹun, mo sì yó. Ooru ọ̀nà jíjìn tú irin wẹ́wẹ́ yẹn kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́ nínú kúlà, ọ́ìlì gbé e wọ inú ẹ́ńjìnnì tí mo fi ń yangàn, ẹ́ńjìnnì gan lórí eré, táyà ẹ̀yìn kò yí mọ́. Ẹ mọ èyí tó kù. Ìyá yín bọ́ sórí koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Orí koríko kọ́ ni bàbá yín bọ́ sí.

Èyí tó burú jù ló kàn báyìí. Ẹ gbé máṣíìnì náà wá sọ́dọ̀ mi, ẹ ní èmi ló mọ̀ ọ́n jù, kí n bá yín wo ohun tó ṣe é. Ẹ mọ bí bàbá àti ìyá yín ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó gbéra. Bàbá yín á yẹ táyà àti bíréèkì wò, ìyá yín á wo ọ́ìlì, kò sì sí èyí tó ń tún iṣẹ́ ẹnìkejì wò. Bàbá yín sọ fún mi rí pé, "Bí mo bá tún un wò, mo ti sọ fún un pé mi ò fọkàn tán an nìyẹn." Èmi náà mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó padà wá gbọ́ èsì, mo dá wà pẹ̀lú máṣíìnì náà. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì dé ibi àmì. Kò lé, kò dín. Mo ti ọ̀pá náà padà. Lẹ́yìn náà mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, mo da ọ́ìlì náà sínú dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí, mo ṣẹ́ ìwọ̀nba kù, mo dè é padà. Mo yọ kúlà, mo jù ú sáàárín pàǹtí irin.

Nígbà tí ẹ̀yin àti ìyá yín padà dé, mo tú nọ́ọ̀tì yẹn lójú yín bí ẹni tí kò tú u rí. Ọ́ìlì kán tó, ó tún kán tó, ó dá. Mo mi orí. Mo ní, "Ọ́ìlì ò tó. Ẹ́ńjìnnì gbẹ." Ìwọ àkọ́bí bi mí bóyá ó jò. Mo ní kò sí ibi tó ti jò. Ìyẹn nìkan ni òótọ́ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn. O wá yíjú sí ìyá rẹ, tó fi igi ti ara rẹ̀ ró nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán, o ní, "Mọ́mì, ta ló wo ọ́ìlì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?" Ó ní, "Èmi ni. Mo bù ú kún. Mo rí i, ó dé ibi àmì." O ní, "Ṣé ẹ rí i, àbí ẹ rò pé ẹ rí i?" Ìyá yín yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Èmi ló wò, nítorí èmi ni mẹkáníìkì. Mo wolẹ̀. Mo ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀, mà. Ojú máa ń tanni." Ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Bóyá... bóyá mi ò nu ọ̀pá yẹn dáadáa." Háà! Ó gba ẹnu mi gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ìkà ni mí, ẹ̀yin ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ pè mí bẹ́ẹ̀ lójú mi, mo ti kọ́kọ́ pe ara mi.

Jẹ́jẹ́ wà ní kọ̀rọ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ ṣe jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó sípánà rẹ̀ sínú àpò. Mo ní, "Níbo lò ń lọ?" Ó ní, "Ọ̀gá, àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló máa ru igbá ẹ̀ délé. Èmi ò bá yín ru ú." Ó lọ, mo sì ń ṣiṣẹ́ mi nìṣó. Wọ́n ní ẹ̀rí ọkàn máa ń da èèyàn láàmú. Tèmi ò dà mí láàmú. Ó kàn kú tipiri ni, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́. Oníbàárà kan ló sọ fún mi pé ìwọ àkọ́bí kì í jẹ́ kí ìyá rẹ gbé ọmọ rẹ, pé o sọ sí i lójú pé ẹni tí kò lè wo ọ́ìlì kò lè wo ọmọ. Mo ní, "Ẹ̀yà, ó mà ṣe o," mo sì ń de bọ́ọ̀tì mi lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ìyàwó mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá yín. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú, mo ti múra sílẹ̀ de èpè. Kò bú mi, kò ṣépè fún mi. Ohun kan ló bi mí. Ó ní, "Ó dé ibi àmì?" Mo ní, "Ó dé ibi àmì, mà." Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ sí i. Ìyàwó mi ló ń sunkún. Nígbà tí mo ní kó dárí jì mí, ó ní, "Ìyẹn ò tíì kàn. Ẹ lọ fi ẹnu ara yín sọ fún àwọn ọmọ mi. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń wá àwáwí ni." Ohun tó gbé yín dé yàrá yìí nìyẹn.

Mi ò ní kí ẹ forí jì mí lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ fà mí lé agbófinró lọ́wọ́, ẹ pè wọ́n, mi ò ní jà. Jẹ́jẹ́ ṣì wà láyé, á jẹ́rìí sí i. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, ìwọ àkọ́bí ni mo sì ń bẹ̀. Má wò mí mọ́, mo ti sọ tán. Dìde, lọ mú ọmọ rẹ. Wọ́n ní ó ti ń sáré kiri, wọ́n ní ojú bàbá yín ló gbé wá, kò sì mọ ìyá rẹ rí. Gbé e lé ìyá rẹ lẹ́sẹ̀, kí o dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, má sì dìde àfi bó bá ní kí o dìde. Bó bá pẹ́ kó tó sọ ọ́, èmi ni kí o bú. Má bú u mọ́.