Omi Ọ̀sà Tí Wọ́n Dà Sí Gọ́tà

Má kí mi, Awwal! Mo ní kó o má kí mi. Àga tó ò ń nù yẹn, jókòó lé e fúnra ẹ, mi ò bá ti ìjókòó wá. Ṣé ìwọ lo sọ fún Wonder àbúrò mi lórí fóònù lánàá pé kó da omi yẹn nù? Dá mi lóhùn! Omi tí màámi fọwọ́ ara wọn pọn, ìwọ lo ní kó gbé e lọ síta, kó yí i dà sí gọ́tà iwájú ilé wa ní Ladi-Lak, níbi tí adìẹ ti ń wá jíjẹ? Háà! Ìwọ Awwal ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó o jẹ ẹja nílé wa títí eegun fi há ẹ lọ́fun, tí bàámi fọwọ́ gbá ẹ lẹ́yìn títí o fi pọ̀ ọ́, ìwọ náà!

Kí lo wí? Iyọ̀? Wonder ti sọ fún mi pé bó o ṣe ń pariwo nìyẹn, "Iyọ̀ wà nínú ẹ̀! Dà á nù kíákíá, á ba pọ́ọ̀ǹpù jẹ́!" Ta lò ń kọ́ nípa iyọ̀? Èmi ọmọ Ìlàjẹ? Èmi tí wọ́n bí sétí omi? Mo mọ̀ pé iyọ̀ ń jẹ irin, ojú mi ló ṣe jẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàámi tán. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀ là ń sọ, Awwal! Omi tó gbé bàámi lọ là ń sọ!

Jẹ́ kí n bi ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè fi tu kọ̀ǹpútà lára, ṣé fáànù ti tán l'Ékòó ni? Àfi omi? Ìwọ àti Wonder ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yìí, nínú ariwo ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, ẹ ń yàwòrán, ẹ ń pa á rẹ́, pọ́ọ̀ǹpù níbí, rédíétọ̀ lọ́hùn-ún bíi ti mọ́tò, rọ́bà tí omi máa gbà yí ọpọlọ ẹ̀rọ ká. Ẹ tún ní ẹ máa mú un sáré kọjá ibi tí àwọn tó ṣe é ní kó sáré dé. Ofakílọ́ọ̀kì! Orúkọ bí orúkọ àìsàn! Mi ò bá yín jà nígbà yẹn. Mo ní ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí àbúrò mi máa fọwọ́ ara ẹ̀ tò nìyí, ẹ jẹ́ kó gbèrò ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wá sí ẹni tó rò ó nínú ẹ̀yin méjèèjì, ilé tí ẹ fẹ́ gbé omi wọ̀?

Wọ́n máa ń sọ pé omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Omi tó mu èèyàn ńkọ́? Ta ló pa òwe tiẹ̀?

O wà níbẹ̀, o rí i. Ọkọ̀ bàámi nìkan ló padà wá. Àwọ̀n wà nínú ẹ̀, oúnjẹ tí màámi dì fún wọn wà nínú ẹ̀, a ò rí àwọn fúnra wọn. Àwọn apẹja wá wọn títí ó fi sú kálukú. A ò rí òkú gbé, a ò rí òkú sin. Láti ọjọ́ náà, màámi ò fẹsẹ̀ tẹ etí ọ̀sà mọ́ o. Ẹja tá à ń yan tà, èmi ni mò ń lọ gbà á lẹ́bàá omi, wọn kì í tẹ̀ lé mi kọjá títì.

Wonder wá dé, ó ní ṣebí iṣẹ́ òun ni, àwòrán tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ tó ń ṣe fáwọn onípolówó, ó ní òun máa ṣe bàámi báyẹn, kí wọ́n yíjú kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ká fi hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìrántí wọn. Mo ní ó dáa. Mo rò pé fọ́tò lásán ni. Awwal, ṣé o ti rí nǹkan yẹn? Ó jọ wọ́n jù! Láti ọrùn ni kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tó ń lò báyìí ti ń yà á lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Ọrùn, bàámi ni. Àgbọ̀n, bàámi ni. Eyín iwájú tó kán yẹn, àní bàámi nìyí! Bó bá wá kù díẹ̀ kó dé ojú, ẹ̀rọ á ti gbóná bí ààrò tí mo fi ń yan ẹja, á kú. Pò! Gbogbo ìgbà! Kò dé ojú rí. Wonder á tún tàn án, èyí tó ti yà á tún yọ, bàámi á tún jókòó sí pálọ̀ wa, ẹnu wọn là díẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn ò sì lójú!

Àwọn ọmọ mi ò wọ pálọ̀ mọ́. Bí mo bá rán wọn ní nǹkan níbẹ̀, ẹkún ni. Màámi ńkọ́? Àwọn ti yí àga wọn síbẹ̀, iwájú ẹ̀ ni wọ́n ń jí sí. Wọ́n ń kí i ní ẹ káàárọ̀. Òjò ṣú lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ mi pè é, "Bàbá Níní, ẹ má pẹ́ lórí omi lónìí o." Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá sì kú, màámi á lọgun. Ẹ̀ẹ̀kan làwọn èèyàn wá bá wa dárò, Awwal, àwa ń gbọ́ ikú yìí lójoojúmọ́. Ṣé ayé nìyẹn? Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, ṣé òun náà ń sùn? Bi Wonder wò!

Dúró, mi ò tíì dé ibẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, ó to rọ́bà àti pọ́ọ̀ǹpù sórí tébù, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó ń jò, kí òun tó gbé e sínú ẹ̀rọ gidi. Ó tẹ́ àwọn pépà àjákù tó o bá a gbà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé sábẹ́ ẹ̀, pé bí omi bá kán síbẹ̀, òun á rí i. Kò kán. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n omi yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú rọ́bà, gúlúgúlú, gúlúgúlú, á dákẹ́, á tún dún. Wonder ní afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Màámi dìde. Wọ́n ní, "Mò ń gbọ́ o, Bàbá Níní."

Má wò mí báyẹn! Èmi náà gbọ́. Bí mo bá ń purọ́, kí ọ̀sà tó gbé bàámi gbé mi. Mi ò ní ohùn bàámi ni. Mo ní mo gbọ́ nǹkan.

Màámi wá bi Wonder léèrè pé omi wo nìyí. Ó ní omi tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò, inú ike ni wọ́n ń tà á. Màámi wò ó. Wọ́n ní, "Omi tí kò mọ bàbá ẹ rí, báwo ló ṣe máa gbé e wá?" Wonder rẹ́rìn-ín o! Ọmọ burúkú! Ó rò pé eré ni.

Àná, bá a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ò rí màámi. Mo wá ilé, mo wá àdúgbò, mo ti ń kígbe kiri kí n tó rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀sà. Láti ọ̀nà ọ̀sà, Awwal! Ẹsẹ̀ wọn ti rin fún omi dé orúnkún, abọ́ omi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń rìn bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo ní kí n lọ wá aṣọ gbígbẹ fún wọn. Kí n tó wá a dé, wọ́n ti da omi wọn sínú nǹkan Wonder, Wonder ti pè ẹ́, o ti pariwo iyọ̀, ó ti tú u dà síta. Lójú wọn! Ó ní ojú ẹsẹ̀ ni òun dà á nù, pé ìwọ lo ní kí òun má falẹ̀.

Má bẹ̀ mí. Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. O ò mọ̀? Gbà pé o ò mọ̀, kí ni kò jẹ́ kó o béèrè? O ò lè ní, "Wonder, ìyá ẹ tí kì í lọ sétí omi, kí ló gbé wọn débẹ̀?" Radarada! Ẹ mọ ohun tó ń jẹ irin, ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ èèyàn!

Kí lo wí? Kí ẹ pa àwòrán náà rẹ́? Kí gbogbo ẹ̀ tán síbẹ̀? Bọ́ síta, lọ sọ ọ́ lójú màámi. Lọ! O ò lè lọ. Etí gọ́tà ni wọ́n jókòó sí láti àárọ̀. Wọn ò sunkún. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn. Mo lọ jókòó tì wọ́n, mo ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní, "Níní, ẹni tó kú sórí ẹní, ará ilé ẹ̀ á fọwọ́ pa ojú ẹ̀ dé. Ti bàbá yín ṣì là sílẹ̀ nínú omi níbẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó bá a pa á dé."

Ó dáa. Nítorí náà, ẹ máa to ẹ̀rọ yẹn. Omi tó bá wù yín, ẹ fi sí i, mi ò jà mọ́. Ẹ mú un tutù, ẹ mú un sáré, kó má kú lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Mi ò fẹ́ ẹ̀rín, mi ò fẹ́ kí bàámi yíjú sí ará ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Kí wọ́n lajú ni mo fẹ́. Bí wọ́n bá ti lajú, màámi á gbé ọwọ́ lé ojú náà, Wonder á jẹ́ kó pa dé lábẹ́ ọwọ́ wọn, wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń rí. Ó gbọ́dọ̀ pa dé, Awwal! Bí ẹ̀rọ yín bá tún kú lójú màámi kí ó tó pa dé, èmi àti ẹ̀yin méjèèjì la jọ máa wọ ọ̀sà yẹn.

Kí lò ń wò? Dìde. Gbé irinṣẹ́ ẹ, ká lọ. Wọ́n ń retí wa nílé, màámi àti bàámi, àwọn méjèèjì.