Ọ̀rá Tó Ń Ránṣẹ́

Ní ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n ti bodè pa, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù kan ní Ìlaròó, mo sì gbọ́ ohun tí obìnrin kan ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Egbò ẹsẹ̀ àbúrò yín ti jẹrà, ọ̀la ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà."

"Ìtọ̀ ṣúgà kẹ̀? Àbúrò mi tí kì í bu ṣúgà sí ògì!"

"Dókítà ní ọ̀rá ikùn wọn wà lára ohun tó fà á. Ọ̀rá kì í jókòó lásán, ó ń ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tó ń rán ni kì í jẹ́ kí ara gbọ́ràn sí ínsúlíìnì lẹ́nu mọ́, oje tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀."

"Ọ̀rá ń ránṣẹ́! Ìwé ti da àwọn dókítà yìí lórí rú."

Èmi tí mo ka ìwé dé yunifásítì rọra fa ikùn tèmi wọlé.

"Èmi ni mo bọ́ ọ̀rá náà, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí àbúrò yín ò lè fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì láti Tube lẹ́bàá bodè mọ́, mo ní bí wọ́n bá rù, àdúgbò á ní bodè ti pa wá. Ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́, wọn ò sì ṣiṣẹ́ kankan."

"Èmi náà yìn ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó. Mo ní o mọ ọkọ tọ́jú."

"Láàárọ̀ yìí, àbúrò yín ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mi ò jẹ́ kí ojú ti àwọn."